Omi Di Òkúta

Bélú ti wọlé. Òjò ti ká ẹní rẹ̀,
ó fi àbàtà díẹ̀ sílẹ̀ lójú títì Ìtòkò
bí ẹni tó gbàgbé bàtà.
Ọyẹ́ kò tíì dé,
ṣùgbọ́n ètè mi ti mọ̀ pé ó ń bọ̀.
Mo gbé elégédé kan ka tábìlì ìdáná,
ó jókòó bí àlejò tó sanra
tí kò fẹ́ sọ ohun tó bá wá.

Bàbá yọjú láti pálọ̀. "Ọbẹ̀ ni?"
Mo ní, "Rárá o. Áísìkirímù ni."
Ó wo elégédé, ó wò mí,
ó padà sídìí rédíò rẹ̀.
Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi ṣiṣẹ́ rélùwéè ní Láfẹ́nwá:
ó mọ bí a ṣe ń dákẹ́ de ohun tó ń pẹ́ kó tó dé.

Mo la elégédé. Inú rẹ̀ pupa rúsúrúsú
bí ilẹ̀ Ọbáńtokò lẹ́yìn òjò.
Mo yọ kóró, mo sè é títí ó fi rọ̀,
mo gún un mọ́ atalẹ̀ tútù,
mo rẹ kànáfùrù sínú mílíìkì gbígbóná,
mẹ́ta péré, nítorí ìkẹrin a máa pariwo.
Oyin tí ọ̀gbẹ́ni Ṣówùnmí gbé wá láti Ọ̀dẹ́dá,
mo ta á lé e lórí, mo tọ́ ìka mi lá.
Mo ti gbogbo rẹ̀ sínú fìríìsà,
mo sì bá iná mọ̀nàmọ́ná sọ̀rọ̀ bí ẹni ń tu ọmọ àṣá nínú:
"Wákàtí márùn-ún. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Jọ̀ọ́."

Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, mo ṣí i, mo fi ṣíbí tú u.
Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, mo tún tú u.
Ẹni tí kò bá tú u, yìnyín ni yóò rún lẹ́nu,
gbígún-gbígún, bí ọ̀rọ̀ tó dì síni nínú.
Etí abọ́ ló kọ́kọ́ ń dì,
àárín a máa ṣe agídí.

Omi tó ń di òkúta nìyẹn.
Àwa tí wọ́n bí sábẹ́ òkúta,
ṣé òkúta lè ṣe àjèjì sí wa?
Olúmọ ń wò mí láti ojú fèrèsé,
òkúta tí oòrùn na títí tí kò yọ́.
Èmi ń wá òkúta kékeré kan
tí yóò yọ́ lórí ahọ́n.

Iná lọ.
Fìríìsà mí kanlẹ̀, ó dákẹ́.
Mo bú àwọn tí n kò mọ̀ rí.
Bàbá dìde. Ó ṣí yàrá Màmá, èyí tí a kì í sábà ṣí,
ó gbé kúlà búlúù kan jáde, eruku ọdún méjì lórí rẹ̀,
ó rán Fadérera, ọmọ ilé kejì,
sí ẹlẹ́ja dídì ní ìsàlẹ̀ òkè, kó ra yìnyín wá.
"Bu iyọ̀ sí i," ni Bàbá wí,
"iyọ̀ ló ń mú yìnyín tutù ju ara rẹ̀ lọ.
Bí ìyá rẹ ṣe máa ń ṣe é nìyẹn
nígbà tó ń ta omi ọsàn dídì fáwọn ọmọ iléèwé."

Omi ọsàn dídì kẹ̀?
Ọdún mẹ́tàlélógójì ni mo fi jẹ́ ọmọ Mojọyinọlá,
n kò gbọ́ ọ rí.
"Kí a tó bí ọ ni," ó ní,
ó fa àpótí, ó jókòó,
ó ń yí abọ́ nínú yìnyín, sósì, sọ́tùn-ún,
orí ìka rẹ̀ ń funfun fún òtútù.
N kò gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó dì. Kò dì tán o:
ó rọ̀ níbìkan, ó le níbìkan.
Ṣíbí méjì, abọ́ kan.
Atalẹ̀ ló kọ́kọ́ ta,
elégédé tẹ̀lé e bí ẹni ń bẹ̀bẹ̀,
kànáfùrù dé gbẹ̀yìn, láti ibi tó jìnnà.
Bàbá di ojú. Ó pẹ́ kó tó là á.
Ó ní, "Kànáfùrù rẹ kéré.
Mẹ́rin ló yẹ kó jẹ́."
Ó sì tún na ṣíbí.